Ibi Tí A Ń Sùn Ni Ó Ni Owó-Orí Wa

Ọ̀rọ̀ owó-orí ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ń dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ ní sùúrù fún mi, nítorí ó kan àpò ọ̀pọ̀ nínú yín.

Bí ẹ bá dúró sí ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Èkó ní Akọ́kà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ ó rí i pé èrò tí ń wọlé pọ̀, èrò tí ń jáde náà sì pọ̀. Àwa tí a ń gbé àdúgbò yìí ń gba Bàrígà bọ́ sí orí afárá Third Mainland, tí a sì ń forí lé Erékùṣù Èkó. Àwọn mìíràn ń sọ̀ kalẹ̀ nínú dánfó, wọ́n ń wá sí ibi iṣẹ́ ní Akọ́kà, ní Ṣómólú àti ní Yábàá. Nínú àwọn wọ̀nyí, kì í ṣe díẹ̀ ni ó ti jí ní ìdájí ní Magboro, ní Ibafo tàbí ní Mowe. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n ti dìde lórí ibùsùn, Ìpínlẹ̀ Èkó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ oòjọ́ wọn. Owó ilé ni ó lé ọ̀pọ̀ wọn dé ibẹ̀, nítorí pé owó yàrá kan ní àyíká yunifásítì ti ga ju agbára ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni èyí: ìpínlẹ̀ wo ni ó ni owó-orí irú ẹni bẹ́ẹ̀? Bí ó bá sì ti san án fún ìpínlẹ̀ kan, ǹjẹ́ ìpínlẹ̀ kejì tún lè ní kí ó wá san òmíràn?

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé ni ó mú mi wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Bàrígà ni ó ń gbé tẹ́lẹ̀ kí ó tó kó lọ sí Magboro, ibi iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Yábàá. Oṣooṣù ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń yọ owó-orí lára owó oṣù rẹ̀, èyí tí a ń pè ní PAYE. Nígbà tí ó ra ilẹ̀ kékeré kan sí ẹ̀yìn Mowe, tí ó sì fẹ́ ṣe ìwé rẹ̀, wọ́n ní kí ó mú ìwé ẹ̀rí pé ó ti san owó-orí ọdún mẹ́ta wá. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú àkọsílẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ògùn rárá. Kì í ṣe pé kò san owó-orí o. Èkó ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àdírẹ́sì Magboro wà nínú fáìlì rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ìmọ̀ràn tí ẹnìkan kọ́kọ́ fún un ni pé kí ó san án lẹ́ẹ̀kejì, kí ó lè sinmi.

Kí a tó gba irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní ènìyàn ń gba ₦200,000 lóṣù. Ìyẹn jẹ́ ₦2,400,000 lọ́dún. Ká ní ó ń san ₦600,000 fún owó ilé lọ́dún. Òfin owó-orí tuntun, tí ìṣirò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2026, fi àyè sílẹ̀ kí a yọ ìdá 20 nínú 100 owó ilé náà kúrò, bí kò bá ti ju ₦500,000 lọ. Èyí jẹ́ ₦120,000. Ó wá ku ₦2,280,000. Nínú èyí, ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó-orí kankan. Lórí ₦1,480,000 tí ó kù, ìdá 15 nínú 100 ni ìjọba yóò gbà. Owó-orí ọdún kan fún ẹni náà jẹ́ ₦222,000, bí a kò bá tíì ka owó ìfẹ̀yìntì àti àwọn nǹkan mìíràn tí òfin gbà kí a yọ. Bí ó bá san án fún ìpínlẹ̀ méjì, ó di ₦444,000. Owó iṣẹ́ oṣù méjì ti lọ, ó tún lé. Ẹni tí ó sá fún owó ilé Bàrígà ti fi ohun tí ó pamọ́ san owó-orí tí kò jẹ.

Kí ni òfin wá sọ? Òfin Owó-orí Ẹnìkọ̀ọ̀kan tí a mọ̀ sí PITA, tí a lò láti ọdún 1993 títí di òpin ọdún 2025, fi ìlànà kan lélẹ̀: ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ń gbé ni ó ni owó-orí rẹ̀, kì í ṣe ìpínlẹ̀ tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Àwọn díẹ̀ ni a yà sọ́tọ̀, bí àwọn sójà, tí owó-orí wọn ń lọ sí ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Àwa yòókù, ilé wa ni a fi ń mọ ìpínlẹ̀ wa. Àwọn òfin tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù Òkudù ọdún 2025 kò yí ìpìlẹ̀ yìí padà.

PITA tilẹ̀ mú ọjọ́ kan láàrin ọdún tí a ó fi wo ibi tí ènìyàn ń gbé: ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ẹ má ṣì mí gbọ́. Ẹni tí ó lọ kí bàbá àgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde fún ọdún tuntun kò di ará Ògùn nítorí ìyẹn. Ilé tí a ń gbé ni òfin ń wò. Òtẹ́ẹ̀lì àti ibi tí ènìyàn kàn yà sùn fún ìgbà díẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, àfi bí kò bá ní ibòmíràn tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù ú lọ. Ẹni tí ó ní ilé méjì ní ìpínlẹ̀ méjì ńkọ́? Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, èyí tí ó sún mọ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀ jù ni a ó kà sí ilé rẹ̀ gan-an. Nítorí náà, ẹni tí ó kọ́ ilé sí Abẹ́òkúta, tí aya àti ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó gba yàrá kan ní Akọ́kà nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ní Yábàá, Èkó ni ó ni owó-orí rẹ̀. Ní ọdún 2011, àtúnṣe òfin náà fi ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ kún un, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó iṣẹ́ ńlá tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò dín ní 50. Fún irú wọn, ibi tí ẹ̀ka tàbí ibùdó náà wà lè di ibi tí a ó fi ṣe ìdíwọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Èkó lọ ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá Ọ̀tà àti Àgbárá, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní àdúgbò wa. Kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Èbìbí ọdún 1967, Yábàá àti Èbúté Mẹ́ta wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ gẹ́gẹ́ bí apá kan olú-ìlú, ṣùgbọ́n Mushin àti Ṣómólú wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí olú-ìlú tirẹ̀ jẹ́ Ìbàdàn. Akọ̀wé tí ó bá sùn ní Ṣómólú, tí ó sì rìn lọ sí ibi iṣẹ́ ní Yábàá, ti kọjá ààlà ìjọba méjì kí ó tó mu tíì òwúrọ̀. Nítorí irú wọn ni a ṣe ṣe òfin kan ní ọdún 1961, èyí tí ó fi ìlànà kan náà lélẹ̀ fún gbogbo ẹkùn, kí ẹkùn méjì má baà gba owó-orí lọ́wọ́ ẹnìkan lórí owó kan náà. Òfin yẹn ni ó dá ìgbìmọ̀ tí a ń pè ní Joint Tax Board sílẹ̀, níbi tí àwọn agbowó-orí ìjọba kọ̀ọ̀kan ti ń jókòó sọ̀rọ̀. Ààlà tí ó wà láàrin Ṣómólú àti Yábàá nígbà náà ti sún lọ sí ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò nílẹ̀.

Àwọn ará wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n sì ń gbà yanjú rẹ̀. Ẹni tí ó ń gbé ní New Jersey, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní New York, New York yóò gba owó-orí lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé níbẹ̀ ni ó ti rí owó náà. New Jersey náà yóò ṣírò tirẹ̀ nítorí pé níbẹ̀ ni ó ń gbé. Kí ó má baà di ìlọ́po méjì, New Jersey yóò ka ohun tí ó ti san fún New York mọ́ tirẹ̀, yóò sì yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí ó yẹ kí ó gbà. Kò kàn ní yọ ju iye tí òun fúnra rẹ̀ ì bá gbà lórí owó yẹn lọ. Olówó ni yóò béèrè fún un nínú fọ́ọ̀mù tí ó ń kọ lọ́dọọdún, òun náà ni yóò sì pa ẹ̀rí rẹ̀ mọ́. Ní Maryland, tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, àdéhùn wà láàrin ìpínlẹ̀ náà àti Virginia àti Washington pé ibi tí òṣìṣẹ́ ń gbé nìkan ni yóò san owó-orí owó oṣù rẹ̀ sí. Èyí jọ tiwa.

Maryland yìí kan náà ni ẹjọ́ kan ti bẹ̀rẹ̀ tí ó dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Tọkọtaya kan, Brian àti Karen Wynne, ń gbé níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó ń wọlé fún wọn láti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ nítorí ilé-iṣẹ́ tí ọkọ ní ìpín nínú rẹ̀. Maryland gbà láti ka owó-orí tí wọ́n san níbòmíràn mọ́ apá owó-orí tí ó jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti kà á mọ́ apá tí ó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Èbìbí ọdún 2015, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án sọ pé ohun tí Maryland ṣe lòdì sí òfin ilẹ̀ wọn, nítorí pé ó ń fìyà jẹ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá kọjá ààlà ìpínlẹ̀ kan.

Ní tiwa, kò yẹ kí a bá ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ dé, nítorí pé ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo ni òfin fún láṣẹ. Iye owó-orí náà sì dọ́gba ní Èkó àti ní Ògùn, torí òfin kan náà ni gbogbo ìpínlẹ̀ ń lò. Òṣìṣẹ́ kò jèrè nínú kí Èkó gbà á, kò sì pàdánù nínú kí Ògùn gbà á. Ohun tí ó kàn án ni pé kí ó san án lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì dé ibi tí ó yẹ.

Ibi tí ó yẹ yìí ṣe pàtàkì. Ó pẹ́ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ti ń ké pé àwọn ènìyàn ń gbé lọ́dọ̀ àwọn, ṣùgbọ́n Èkó ni owó-orí wọn ń lọ. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi yóò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Magboro. Ojú ọ̀nà tí omi ń dá gún-ún sí níwájú ilé rẹ̀, Ògùn àti ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ ni yóò tún un ṣe. Mo mọ ohun tí ará Èkó yóò sọ: àwọn tí ń ti Mowe wá ń lo ọ̀nà wa, wọ́n ń lo afárá wa láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń lò ó ni wọ́n ń ra oúnjẹ, tí wọ́n ń wọ ọkọ̀, tí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ sì ń jèrè ní Èkó. Owó-orí owó oṣù wọn ni òfin yà sọ́tọ̀ fún ibi tí wọ́n ń sùn. Èmi tí mò ń gbé ní Akọ́kà kò ní fẹ́ kí owó tí ó yẹ kí a fi tún ọ̀nà Bàrígà ṣe máa lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Kò sì tọ́ kí n fẹ́ kí ti ará Magboro máa wá sí ọ̀dọ̀ mi.

Kí ni kí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá dé bá ṣe? Àkọ́kọ́, kí ó kọ lẹ́tà sí agbanisíṣẹ́ rẹ̀, kí ó so ẹ̀dà ìwé àdéhùn ilé tàbí bíìlì iná mọ́ ọn, kí ó sì sọ ìpínlẹ̀ tí ó ń gbé àti ọjọ́ tí ó kó débẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Ìkejì, kí ó béèrè lọ́dọọdún fún ìwé tí ó fi iye owó-orí tí wọ́n yọ hàn, pẹ̀lú ìpínlẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Agbanisíṣẹ́ ní láti fún ìjọba ní ìṣirò gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ títí di ọjọ́ 31 oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ẹ̀dà tiyín kò yẹ kí ó ṣòro. Ìkẹta, bí ìpínlẹ̀ kejì bá béèrè owó, ẹ má ṣe dákẹ́, ẹ má sì ṣe sáré san. Ẹ fi ìwé dá wọn lóhùn pé a ti yọ owó-orí ọdún yẹn, ẹ mú ẹ̀rí wá, kí ẹ sì bẹ̀bẹ̀ pé kí ìpínlẹ̀ méjèèjì bá ara wọn yanjú rẹ̀. Joint Revenue Board ni ó ti rọ́pò Joint Tax Board àtijọ́ lábẹ́ òfin 2025, òfin náà sì dá ọ́fíìsì Tax Ombud sílẹ̀, níbi tí ará ìlú lè gbé ẹ̀dùn rẹ̀ lọ.

Ohun tí ọ̀rẹ́ mi ṣe nìyẹn. Kò san owó kejì. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún yìí, Ògùn ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń fi owó-orí rẹ̀ ránṣẹ́ sí. Ọ̀rọ̀ àwọn ọdún tí ó kọjá ṣì wà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n ẹ̀dà gbogbo ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè pè é ní ẹni tí kò san owó-orí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá ṣiṣẹ́ bíi tèmi, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ san owó iṣẹ́ fún wa, ó lè yọ owó-orí díẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Fún iṣẹ́ tí a bá kà sí iṣẹ́ ìmọ̀ṣẹ́, ìdá 5 nínú 100 ni. Ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà owó-orí, ìlànà 2024 ní kí wọ́n yọ ìlọ́po méjì lára tirẹ̀. Owó tí a yọ yìí kò ṣòfò. Tiwa ni, a sì ní ẹ̀tọ́ kí a kà á mọ́ owó-orí wa ní òpin ọdún. Bí wọ́n bá yọ ₦20,000 lára ₦400,000, tí owó-orí mi lọ́dún náà sì jẹ́ ₦150,000, ₦130,000 ni ó kù kí n san. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wà lórúkọ mi, kí ó sì wà ní ìpínlẹ̀ mi.

Ní ọdún tí ó kọjá, mo ṣe iṣẹ́ ìwé kan fún ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Ìbàdàn. Nígbà tí àkáǹtà wọn pè mí lórí owó náà, mo bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ìpínlẹ̀ wo ni ẹ fẹ́ fi owó-orí tí ẹ yọ ránṣẹ́ sí?”

Ó ní, “Àbúrò mi, Ọ̀yọ́ ni. Ọ̀yọ́ ni gbogbo tiwa ń lọ.”

Mo ní, “Ẹ má bínú sà, Akọ́kà ni mò ń gbé. Bí ó bá lọ sí Ọ̀yọ́, kò sí bí mo ṣe fẹ́ kà á mọ́ tèmi ní Èkó.”

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n fi àdírẹ́sì àti nọ́ńbà owó-orí mi ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé ẹ̀rí tí a kọ Ìpínlẹ̀ Èkó sí dé ọwọ́ mi. Ìbéèrè kan péré ni, kí owó tó kúrò nílẹ̀. Bí ó bá ti kúrò, lẹ́tà tí a ó kọ yóò pọ̀.

Títí di ọjọ́ 31 oṣù Ẹrẹ́nà ni òfin fún ẹnìkọ̀ọ̀kan láti kọ ìṣirò owó tí ó wọlé fún un ní ọdún tí ó kọjá. Ẹ wá fáìlì kan fún ọ̀rọ̀ yìí, ẹ kó ìwé àdéhùn ilé, ìwé owó oṣù àti àwọn rìsíìtì yín sínú rẹ̀. Bí ẹ bá kó kúrò ní Bàrígà lọ sí Ibafo, tàbí tí ẹ kó kúrò ní Ibafo padà wá sí Akọ́kà, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ń san owó oṣù yín gbọ́ ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, kí ẹ tó ra kọ́tìnnì tuntun.

Ó dìgbà kan ná.